Ìjó Tí Ìyá Ọ̀rẹ́ Mi Jó Níjọ́ Ìdúpẹ́ Mi

Bí òórùn káńfọ̀ bá ta sí mi nímú lára aṣọ ẹni tó jókòó tì mí, mo máa ń dìde kúrò níbẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, mo sì máa ń jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rọrùn láti ṣàlàyé. Òórùn yẹn ló wà lára ìró àti bùbá léèsì tí ìyá ọ̀rẹ́ mi wọ̀ wá sí ìdúpẹ́ mi, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìgbẹ̀in. Ìsàlẹ̀ àpótí ló gbé aṣọ náà sí láti ọjọ́ pípẹ́, ó ní ọjọ́ tí ọmọ òun bá ti ojú ogun dé lòun máa wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé èmi ti dé, ó ní ayọ̀ kan náà ni, ó sì yọ ọ́ jáde. Ó dì mí mú ní ìgbọ̀nwọ́, ó bá mi jó láti ẹnu ọ̀nà títí dé iwájú pẹpẹ. Ọmọ rẹ̀ ti kú ní oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ yẹn. Èmi mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mọ̀, Bàbá Ìjọ wa mọ̀, ìdajì ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀. Òun nìkan ni kò mọ̀.

Ibùdókọ̀ Kútọ̀ lèmi àti ọmọ rẹ̀ ti pàdé, láàárọ̀ ọjọ́ tí àwa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sí iṣẹ́ sójà fẹ́ gbéra lọ síbi tí wọ́n ti máa kọ́ wa. Mo rí ọmọkùnrin gíga kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó gbé àpò làfún lé itan bí ẹni gbé ọmọ. Mo ní, "Ìwọ, ta ló ń gbé làfún lọ sí bárékè?" Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Màámi ló ní kí n gbé e. Lọ bi wọ́n." Bí a ṣe dọ̀rẹ́ nìyẹn. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé tí a débẹ̀, ebi ti kọ́ gbogbo àwa tí a fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́gbọ́n, a ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bu díẹ̀ fún wa. Nígbà tí wọ́n fún wa ní ìsinmi àkọ́kọ́, ó mú mi lọ sílé wọn ní Wásinmi. Ìyá rẹ̀ wà nídìí agbada tó fi ń yan gàrí, èéfín bò ó lójú, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó sìmẹ́ǹtì bọ̀ láti Ewékorò sì ń kọjá lójú títì, tí ilẹ̀ ń mì tìtì lábẹ́ wa. Kò tilẹ̀ kọ́kọ́ kí ọmọ tó bí. Èmi ló dì mọ́, ó ní, "Ọkọ mi, o mà rù o. Wọn ò fún yín lóúnjẹ níbẹ̀ ni?" Opó ni, ọmọ kan ṣoṣo yẹn ló sì ní. Ìyá tèmi ti kú tipẹ́, nítorí náà n kò ṣe ojú ayé rárá, mo gbà á ní ìyá lọ́jọ́ náà.

Ní ti ogun fúnra rẹ̀, n kò ní ìtàn akọni kankan láti sọ fún ọ. Àwọn tó ń sọ ọ́ bí ẹni ń ròyìn bọ́ọ̀lù, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti jà á. Ohun tí a ṣe jù lápá àríwá lọ́hùn-ún ni ká dúró: a dúró de omi, a dúró de oúnjẹ, a dúró de àṣẹ, yanrìn ń wọ wá létí, oòrùn ń yan wá lórí. Mo bínú sí ogun yẹn nígbà náà, mo sì ń bínú sí i dòní, nítorí àwọn tó ń rán ni lọ kì í ṣe àwọn tó ń lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ wa gun orí bọ́ǹbù tí wọ́n rì sójú ọ̀nà. N kò gbọ́ ariwo rẹ̀. Ohun tí mo rántí ni pé mo wà nílẹ̀, ẹnu mi kún fún yanrìn, ọ̀rẹ́ mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wò mí. Láti àyà rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, n kò ní í sọ ohun tí mo rí. Ó ní, "Sọ fún Màámi pé kò dùn mí." Irọ́ ni. Ó ń dùn ún, mo rí i lójú rẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n ó fẹ́ fi ìrora náà pamọ́ fún ìyá rẹ̀. Mo ní, "Wàá sọ fún wọn fúnra ẹ." Nígbà tí mo lajú nílé ìwòsàn, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti lọ láti orúnkún, wọ́n sì ti sin ọ̀rẹ́ mi sójú ogun pẹ̀lú àwọn yòókù tó kú.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo gbé bọ̀ láti ojú ogun nìyẹn, iṣẹ́ tí ọmọ rán mi sí ìyá rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni mo fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń sọ fún ara mi pé bí mo bá ti lè dìde, Wásinmi ni mo máa kọ́kọ́ lọ. Mo ti gbà pé ó ti gbọ́ ikú náà, pé wọ́n ti wá sọ fún un bó ṣe yẹ. N kò pè é lórí fóònù. Ojú ń tì mí pé èmi ni mo yè. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, n kò dì í ru ẹlòmíì.

Nígbà tí wọ́n gbé mi dé ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìgbẹ̀in, kí n má purọ́, àdúgbò ṣe dáadáa sí mi. Àwọn ìyá nínú ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì pín ọjọ́ láàárín ara wọn, abọ́ oúnjẹ kò fi ọjọ́ kan wọ́n nílé wa. Ìdílé Mùsùlùmí tó ń ta aṣọ ní ọ̀kánkán wa gbé sààrà wá. Káfíńtà kan wá fúnra rẹ̀, ó kan igi ìdìmú mọ́ ara àtẹ̀gùn kí n lè máa rí nǹkan dì mú. Ọlọ́kadà kan tó máa ń gbé mi lọ fún ìtọ́jú kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi rí, ó máa ń ní, "Sójà, ẹ gòkè jàre, ẹ ti sanwó tiyín." Bàbá Ìjọ wa, tó jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ̀wé kiri sí àwọn ọmọ ìjọ tó wà lókè òkun títí wọ́n fi rán ẹsẹ̀ àtọwọ́dá sí mi. Mo kọ́ ìrìn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Abẹ́òkúta níbí, tí kò ṣàánú ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ká má tíì sọ ti ẹlẹ́sẹ̀ kan.

Wọ́n mọ̀ pé ọ̀rẹ́ mi kú síbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan mìíràn lẹ́nu mi. Wọ́n á wọlé, wọ́n á ní, "Ẹ kú ewu o!" Èmi náà á dáhùn pé ewu iná kì í pa àwòdì, èmi àwòdì tí iná ti jó ní apá kan. Wọ́n á ní ibi tó fẹ́ mú ẹ̀mí, ẹsẹ̀ ló mú, ká máa dúpẹ́. Bí mo bá wá lanu pé, "Níjọ́ tí ọkọ̀ wa...", wọ́n á sáré bò mí lẹ́nu: "Má rántí ẹ̀ mọ́, ọmọ mi. Ọlọ́run ò ní í jẹ́ ká rírú ẹ̀." Wọ́n á wá bi mí bóyá mo ti jẹun. Bí wọ́n bá lọ tán, màá jókòó síbẹ̀, ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́ á máa yún mi, n kò sì ní ríbi họ. Ìwọ náà mọ̀ wá. Àwa ará ibí gbà pé ohun tí a kò bá tíì dárúkọ, kò tíì dé.

Nígbà tí mo lè rìn láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ọ̀pá kan ṣoṣo, ẹ̀gbọ́n mi àti Bàbá Ìjọ ní ó tó àkókò láti ṣe ìdúpẹ́. N kò fẹ́. Mo ní n kò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ dúpẹ́ lé lórí. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìwọ lè má mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo sunkún ẹ lóṣù méjì mọ̀ ọ́n." Wọ́n dá a sí ọjọ́ Àìkú.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ni fóònù ẹ̀gbọ́n mi dún. Ìyá Wásinmi ni. Ẹnìkan tó rí mi níbi ìtọ́jú ló ròyìn mi fún un. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ kí èmi náà máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú ewu àbúrò yín o. Mo gbọ́ pé ọkọ mi ti dé! Tèmi náà ò ní í pẹ́ dé, lágbára Ọlọ́run. Ẹ bá mi bi í, kí ló dé tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ ò pè mí látọjọ́ yìí?" Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, èmi náà wò ó. Jìnnìjìnnì ti bo ẹ̀gbọ́n mi, ó wá sọ èyí tó ti ń sọ fún gbogbo èèyàn láti àárọ̀: pé ọjọ́ Àìkú la fẹ́ ṣe ìdúpẹ́. Obìnrin náà hó ìhó ayọ̀. Ó ní òun ń bọ̀, bí òjò rọ̀ bí oòrùn ràn.

Lọ́jọ́ Sátidé, àbúrò bàbá ọ̀rẹ́ mi wá láti Wásinmi. Ó ti kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Bàbá Ìjọ, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ wọlé bá mi. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ bó ṣe jẹ́. Nígbà tí wọ́n ní kí ọ̀rẹ́ mi kọ orúkọ ẹni tí wọ́n máa kàn sí bí nǹkan bá ṣe é, kò kọ ti ìyá rẹ̀. Ọkùnrin tó jẹ́ olórí ilé ló kọ, bí gbogbo wa ṣe ṣe, torí ibẹ̀ la rò pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lọ. Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ yìí, olórí ilé wọn, ni ìròyìn ikú náà dé, òun àti àwọn àgbà ilé sì bò ó mọ́lẹ̀.

Ó ní, "Ẹ ṣàánú wa. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ẹ̀. Bó bá gbọ́ ọ lójijì, òkú méjì la máa ní."

Mo ní, "Ó ti tó oṣù mẹ́fà, sà. Ìgbà wo lẹ wá fẹ́ sọ fún wọn?"

"À ń wá ọjọ́ tó dáa."

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dùn. Ọjọ́ tó dáa fún ọ̀rọ̀ tí kò dáa! Wọ́n ti ní kí ọdún Kérésì kọ́kọ́ kọjá, ó kọjá. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ wa ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tán. Ó wà á tán, ó yan án ní gàrí, ó bu tọmọ sọ́tọ̀. Wọ́n ní kí dókítà kọ́kọ́ rí i. Mo gbàgbé ara mi, mo sọ fún àgbàlagbà náà pé, "Sà, ẹ̀yin àgbà náà lẹ ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Ẹ ti sọ tiwọn nù."

Bàbá Ìjọ gbé ọwọ́ sókè. "A gbọ́ òwe ẹ. Ṣùgbọ́n ta ló ń túfọ̀ ọmọ fún abiyamọ níbi ìdúpẹ́? Bó o bá rí i lọ́la, ṣáà sọ pé wọ́n gbé e lọ síbi tí kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Bí a bá ti ṣe tán, àwa àgbà á lọ bá a nílé."

Àbúrò bàbá náà ní, "Àti pé bó tilẹ̀ gbọ́, kí ló máa fi ṣe? Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ ẹ̀."

Mo ní, "Ọ̀rẹ́ mi rán mi níṣẹ́ sí wọn, sà."

Bàbá Ìjọ ní, "Iṣẹ́ náà á dúró."

Ì bá wù mí kí n sọ fún ọ pé mo kọ̀. Mo wo bàtà mi méjèèjì, èyí tí ẹsẹ̀ mi wà nínú rẹ̀ àti èyí tí ẹsẹ̀ tí Bàbá Ìjọ tọrọ fún mi wà nínú rẹ̀. Mo rántí abọ́ oúnjẹ, igi ìdìmú ara àtẹ̀gùn, ọlọ́kadà. Ẹsẹ̀ wo ni mo fẹ́ fi kọ̀? Mo ní, "Ó dáa, sà." Èmi tí mo ti gbé ìbọn, ẹ̀rù àwọn tó ń bọ́ mi ló bà mí.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìyá ọ̀rẹ́ mi ti dé ṣọ́ọ̀ṣì kí àwa tó dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí àwọn tó fẹ́ dúpẹ́ ti máa ń kóra jọ kí wọ́n tó jó wọlé. Gbogbo ẹni tó ti wá kí mi láti ìgbà tí mo ti dé ló máa ń gbé ojú kúrò níbi ẹsẹ̀ mi. Òun kò gbé ojú kúrò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ó fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ àtọwọ́dá náà láti orí aṣọ, ó ní, "Ọkọ mi, ṣé ó ń dùn ẹ́?"

Mo ní, "Kò dùn mí, Mà."

Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ gan-an ló jáde lẹ́nu mi, mo sì sọ ọ́ di tèmi. Mo gbọ́ ọ bó ti ń jáde. Ó dìde, ó nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ ẹ ńkọ́?" Bàbá Ìjọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wò mí. Mo ní, "Wọ́n gbé e lọ síbi tí kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, Mà." Ìwọ ì bá rí bí ara ṣe tù ú! Ó yíjú sí àwọn èèyàn, ó ní, "Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Mo ti ní kò lè jẹ́ nǹkan míì!" Lẹ́nu mi ló ti fẹ́ gbọ́ ọ látọjọ́ yìí, torí ó fọkàn tán mi.

Àwọn akọrin gbé orin ọpẹ́, wọ́n ní ká máa bọ̀. Ó di ìgbọ̀nwọ́ mi mú ní ẹ̀gbẹ́ tí n kò di ọ̀pá mú, òórùn káńfọ̀ bò mí, ó sì ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kí tèmi lè bá a mu. Ó ń jó, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń nàró, ó ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀tún àti sí òsì. Àwọn tó mọ̀ ń jó pẹ̀lú wa. Àwọn kan nínú wọn ń sunkún, ó rò pé ẹkún ayọ̀ ni. Nígbà tí a dé iwájú, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì ní kí àlùfáà jọ̀ọ́ bá òun fi tọmọ òun mọ́ ọn, kí ọmọ náà tètè padà wálé. Àlùfáà wo Bàbá Ìjọ, lẹ́yìn náà ó gbàdúrà. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. N kò gbọ́ irú àmín tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ rí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún mìíràn kọjá kí àwọn àgbà tó rí ọjọ́ tó dáa wọn. Wọ́n lọ bá a ní ìdájí, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n mú nọ́ọ̀sì kan dání nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Àbúrò bàbá náà ló wá sọ fún wa lẹ́yìn náà. Kò ṣubú. Kò dákú. Kò sí òkú méjì kankan. Ohun tó kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé, "Láti ìgbà wo?" Nígbà tí wọ́n sọ ọ́, ó na ọwọ́ rẹ̀, ó ń ka oṣù lórí ìka, nígbà tó sì ka dé oṣù ìdúpẹ́ mi, ó dá ìka yẹn dúró, ó tẹjú mọ́ ọn, kò kà á tán.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n túfọ̀ fún un, ó wá sílé wa lọ́sàn-án gangan, nínú aṣọ dúdú. Ẹ̀gbọ́n mi gbé omi fún un, kò gbà á. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó jókòó, kò jókòó. Ó dúró níwájú mi.

"Lọ́jọ́ tí mo di ìgbọ̀nwọ́ ẹ mú, o ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀, Mà."

"O wá jẹ́ kí n jó."

Kò pariwo. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá kò ká bó ṣe yẹ, mo ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí àpò gàrí. Kò nawọ́ sí mi. Láti ilẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ó rán mi sí yín. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn..."

"Má sọ ọ́."

"Tiyín ni, Mà. Ẹ̀yin ló ní in."

Ó ní, "Nígbà tí mo nílò ẹ̀, o fi pamọ́ fún mi. Máa fi pamọ́ lọ bẹ́ẹ̀." Ó yíjú, ó sì jáde. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ náà sínú lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì látìgbà náà, mo fi rán èèyàn. Ó ń dá a padà láìtú.

Bàbá Ìjọ ṣì gbà pé àwọn gbà á lọ́wọ́ ikú. Ó ní bí àwọn ò bá rọra, ì bá ti tẹ̀lé ọmọ rẹ̀. N kì í bá a jiyàn. Bí wọ́n bá jẹ́ ìkà ni, ì bá rọrùn fún mi, màá kórìíra wọn, màá sì sùn. Ṣùgbọ́n èèyàn rere ni wọ́n, oúnjẹ wọn ni mo jẹ yè, ọ̀nà kan náà tí wọ́n gbà tọ́jú mi ni wọ́n gbà pa obìnrin yẹn lára, ìyẹn ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dárúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn èèyàn ń sọ fún mi báyìí pé mo ti bọ́ nínú ogun, ara mi ti yá. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ogun ló gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá Wásinmi, kò sẹ́ni tó lè dá a padà fún un. Ẹkún ọmọ rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù tó jẹ́ tirẹ̀. Oṣù méje ẹkún la jí lọ́wọ́ rẹ̀, àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀, a sì fi jó, èmi ni mo sì wà níwájú.